Ohùn tó ní kí n tẹ 1

"Ẹ kú àárọ̀ o. Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Àwọn ọmọ ò tíì ti ibi iṣẹ́ dé o... Ẹ̀ẹ́n? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra máa sọ ọ́."

Ohùn ìyá ọkọ mi ni mo gbọ́ báyìí bí mo ṣe ń ṣílẹ̀kùn láàárọ̀ ọjọ́ kan ní oṣù Kẹta ọdún 2010. Columbus là ń gbé nígbà náà, ní ìpínlẹ̀ Ohio. Wọ́n ti Ìbàdàn wá bá wa wẹ ọmọ. Ọmọ náà ò tíì pé oṣù mẹ́ta tí mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, torí ní Amẹ́ríkà, owó ilé ò mọ̀ pé èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.

Nígbà tí Màmá gbé fóònù sílẹ̀, inú ń bí wọn. "Òyìnbó tó pè yẹn ò gbẹ̀kọ́ rárá. Mo kí i, kò dáhùn. Mo ní kó rọra sọ̀rọ̀, ńṣe ló ń bá tiẹ̀ lọ bí ẹni tí wọ́n ń lé." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Mo ní, "Màmá, kì í ṣèèyàn o. Wọ́n ti gba ohùn sílẹ̀ sínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ náà ló ń pe ojúlé kiri." Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ta ló wá rán ẹ̀rọ náà níṣẹ́?"

Mo ti ń bọ́ bàtà, oorun ti gba ojú mi. Mi ò dá wọn lóhùn. Ká ní mo fi ìbéèrè yẹn sọ́kàn ni, ohun tí mo fẹ́ ròyìn yìí kì bá tí ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́jọ́ kejì.

Ẹni tó bá wà ní Ohio nígbà yẹn á rántí. Òfin ìlera Obama, èyí tí gbogbo èèyàn padà wá ń pè ní Obamacare, ti dé ìkángun. Ilé Aṣojú-ṣòfin ti dìbò lórí àbá tiwọn ní oṣù Kọkànlá 2009, 220 sí 215. Sẹ́nétì dìbò lórí tiwọn láàárọ̀ ọjọ́ tó ku ọ̀la Kérésìmesì, 60 sí 39. Ó wá ku kí Ilé Aṣojú-ṣòfin gba ti Sẹ́nétì bó ṣe wà, tọmọdé tàgbà ló sì mọ̀ pé ìbò bíńtín ni yóò la àárín wọn. Ìbò tí aṣojú tiwa, Mary Jo Kilroy, fi wọlé ní 2008 ò pé ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Lápá Canton lọ́hùn-ún, John Boccieri ti dìbò bẹ́ẹ̀ kọ́ ní oṣù Kọkànlá, wọ́n sì ń fà á látọ̀tún látòsì. Bí àwọn tó fẹ́ kí òfin náà kọjá ṣe ń pe ilé wa, bẹ́ẹ̀ làwọn tó fẹ́ kó kú ń pè. Ìpè ẹ̀rọ ò wọ́n, sẹ́ńtì mélòó kan ni ẹyọ kan. Fóònù ilé wa ń dún láàárọ̀, ó ń dún lọ́sàn-án, bí a bá sì ti gbé oúnjẹ alẹ́ kalẹ̀ báyìí, ó tún bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, Ọjọ́rú, èmi ni mo gbé e. Ohùn obìnrin tó ti dàgbà díẹ̀ ni, ó tutù bí ohùn ìyá ìjọ. Ó ní wọ́n fẹ́ yọ bílíọ̀nù 500 dọ́là kúrò nínú Medicare, ìnṣọ́ránsì ìlera tí ìjọba ń ṣe fún àwọn àgbà. Ó ní kí n sọ fún aṣojú mi kó dìbò bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí mo bá tẹ 1, àwọn á so mí pọ̀ mọ́ ọ́fíìsì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ sì wò ó, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀dọ̀ àwọn arúgbó dé ni. Mo ti fi gbogbo òru yí wọn padà lórí bẹ́ẹ̀dì kí ara wọn má baà dá egbò. Ta ni ò ní gbèjà wọn? Mo tẹ 1.

Ó dún lẹ́ẹ̀mejì, ọmọkùnrin kan gbé e, ohùn rẹ̀ ti ha. Ó gba orúkọ mi àti zip code mi, ìyẹn nọ́ńbà ìfìwéránṣẹ́ àdúgbò wa, ó ní kí ni kí òun bá mi sọ fún aṣojú. Ẹnu mi wúwo. Mo ní kí wọ́n má fọwọ́ kan Medicare. Ó ní ṣé kí wọ́n dìbò bẹ́ẹ̀ kọ́ nìyẹn. Ohun tí ohùn yẹn sọ ló ṣì ń dún létí mi, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó dúpẹ́, ó gé e. Gbogbo rẹ̀ ò tó ìṣẹ́jú kan.

Ọkọ mi ní ìtọ̀ ṣúgà. Takisí ló ń wà, kò ní ọ̀gá tó máa ṣe ìnṣọ́ránsì fún un. Ní 2008, ó kọ fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì kan, lẹ́tà tí wọ́n fi dá a lóhùn ò ju ìpínrọ̀ méjì lọ: àìsàn ti wà lára rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn, àwọn ò lè gbà á. Àpò ara rẹ̀ ló fi ń ra oògùn. Nígbà míì, á fi ọ̀bẹ gé e sí méjì kó lè pẹ́ lọ́wọ́. Òfin tí mo ní kí wọ́n dìbò bẹ́ẹ̀ kọ́ sí yìí ló máa sọ pé láti 2014 lọ, iléeṣẹ́ kankan ò gbọ́dọ̀ lé irú rẹ̀ padà nítorí àìsàn tó ti wà tẹ́lẹ̀. Èmi, ìyàwó rẹ̀, ni mo fi ìka ara mi tẹ̀ ẹ́.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan níbi iṣẹ́ ló là mí lójú lóru ọjọ́ náà. Ó ní bílíọ̀nù 500 yẹn kì í ṣe owó tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ arúgbó kankan, ọdún mẹ́wàá sì ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀. Owó tí ìjọba ń san fún àwọn ilé ìwòsàn àti iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì aládàáni tó ń bá Medicare ṣiṣẹ́ ni wọn ò ní jẹ́ kó máa ròkè bó ṣe ń ròkè tẹ́lẹ̀. Iye tí ohùn yẹn dá kì í ṣe irọ́. Bó ṣe gbé e kalẹ̀ ni ẹ̀tàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti "ìgbìmọ̀ ikú" tí Sarah Palin, olóṣèlú kan tó tako òfin náà, kọ sórí Facebook ní oṣù Kẹjọ 2009, pé ìgbìmọ̀ kan ni yóò máa pinnu ẹni tó yẹ kó gba ìtọ́jú. Ohun tó wà nínú àbá nígbà yẹn ni pé Medicare á sanwó fún dókítà tó bá jókòó bá arúgbó sọ irú ìtọ́jú tó fẹ́ nígbà tí ayé rẹ̀ bá ń lọ sópin. Èmi tí mo ti rí àwọn ọmọ tó ń jà lórí bẹ́ẹ̀dì bàbá wọn, torí pé bàbá ò sọ tẹnu rẹ̀ nígbà tí ẹnu ṣì ń ṣiṣẹ́, mo mọ ohun tí irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ jẹ́.

Torí náà, bí ohùn bá pè ọ́, ìbéèrè Màmá ni kó o kọ́kọ́ bi: ta ló rán an níṣẹ́? Òfin Amẹ́ríkà ní kí irú ìpè bẹ́ẹ̀ dárúkọ ẹni tó ń pè níbẹ̀rẹ̀, kó sì fi nọ́ńbà sílẹ̀. Gbọ́ orúkọ náà dáadáa, kó o wá ẹni tó ń náwó fún wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó o tó tẹ ohunkóhun. Má jẹ́ kí orúkọ fúnra rẹ̀ tàn ọ́. Orúkọ wọn máa ń dùn bí orúkọ ẹgbẹ́ àdúrà ni.

Má sì gbójú lé ìwé má-pè-mí ti ìjọba àpapọ̀, èyí tó ti wà láti 2003. Èmi ti kọ nọ́ńbà wa sínú rẹ̀, mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ìpè ọlọ́jà ló ń dá dúró, kò kan òṣèlú. Nígbà tí wọ́n tún ṣòfin ní oṣù Kẹsàn-án 2009 pé kí ọlọ́jà má fi ohùn ẹ̀rọ pe ẹni tí ò fọwọ́ sí i mọ́, ìyẹn náà ò kan òṣèlú. (Àwọn wo ló kúkú ń ṣòfin?) Fóònù alágbèéká ló yàtọ̀. Òfin kan tó ti wà láti 1991 ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi ohùn ẹ̀rọ pè é láìgbàṣẹ, ìbáà jẹ́ ti òṣèlú. Àwọn olóṣèlú kan gbé òfin náà lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ, ilé ẹjọ́ ò sì gbà kí wọ́n wó o, ní 2020. Àwa ti gé fóònù ilé tipẹ́tipẹ́ kó tó dìgbà yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí bí mo ṣe lọ kó ọ̀rọ̀ mi. Nọ́ńbà gbogboogbò Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì, 202-224-3121, mo tẹ̀ ẹ́ títí ìka fi ń ro mí. Kò wọlé. Nígbà tó wọlé, voicemail ti kún. Ọjọ́ Ẹtì ni mo tó rántí pé aṣojú ní ọ́fíìsì ní Columbus níbí. Mo kọ ohun tí mo fẹ́ sọ sẹ́yìn àpò ìwé owó iná, kí ẹnu mi má tún wúwo: orúkọ mi, àdúgbò mi, iṣẹ́ mi, nọ́ńbà àbá òfin náà, H.R. 3590, àti lẹ́tà ìpínrọ̀ méjì yẹn. Ọmọbìnrin kan gbé e. Mo ní mo pè lọ́jọ́ Ọjọ́rú, mo sọ ohun tí kì í ṣe tèmi. Kò fi mí rẹ́rìn-ín. Mo sọ ti ọkọ mi. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Látìgbà tí wọ́n ti kọ̀ ọ́, báwo ló ṣe ń rí oògùn?" Mo sọ ti ọ̀bẹ. Mo ń gbọ́ ọ tó ń tẹ kọ̀ǹpútà, ó ń tẹ̀ ẹ́, kò dáwọ́ dúró. Ó ní kí n tún ọdún tí lẹ́tà náà dé sọ. Ọmọkùnrin ọjọ́ Ọjọ́rú ò bi mí ju zip code lọ. Ká sòótọ́, kí lèmi náà fún un tó máa fi bi mí?

Lọ́dún díẹ̀ lẹ́yìn náà, ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi lọ kọ́ṣẹ́ ní irú ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ aṣòfin mìíràn. Ó ní bí ìpè ẹ̀rọ bá ti ń rọ́ wọlé, kò ní ju ìpè márùn-ún lọ tí wọ́n á ti mọ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ, àwọn míì á tiẹ̀ máa béèrè pé, "Ta nìyí? Ṣé ẹ̀yin lẹ pè mí ni?" Igi kan ni wọ́n á fà sábẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó parí. Ìtàn tí ò jọ ti ẹlòmíràn ni wọ́n ń kọ ránṣẹ́ sí ẹni tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìlera. Zip code tí kì í ṣe ti àgbègbè wọn, wọn ò kà á sí. Lẹ́tà àfọwọ́kọ tó bá gba Washington lọ máa ń pẹ́, torí láti 2001 tí ẹnì kan ti fi anthrax, kòkòrò àìsàn tó ń pani, ránṣẹ́ sí àwọn sẹ́nétọ̀, wọ́n ń yẹ lẹ́tà wò kó tó wọlé. Ọ́fíìsì tó wà nítòsí rẹ ni kó o pè, láàárọ̀, kí ohùn wọn tó ha.

Ohun kan tún wà tí mo máa ń bá àwọn èèyàn wa jà lé lórí. Green card ni mo ní nígbà náà, mi ò tíì di ọmọ Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ wa rò pé ẹni tí ò lè dìbò ò lè pè. Ìbò ni ò tíì tọ́ sí wa. Aṣojú ń ṣojú gbogbo ẹni tó ń gbé àgbègbè rẹ̀, ẹnu ẹni la sì fi ń kọ mé jẹ.

Lálẹ́ Sọ́ńdè, ọjọ́ 21 oṣù Kẹta, gbogbo wa jókòó ti tẹlifíṣọ̀n, ọmọ ń sùn lẹ́yìn Màmá. 219 sí 212. Kilroy dìbò bẹ́ẹ̀ ni. Boccieri náà ti yí padà sí bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò jẹ́ parọ́ pé ìpè tèmi ló ṣe é. Ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, àwọn méjèèjì ló pàdánù ìbò. Ní 2014, ọkọ mi gba káàdì ìnṣọ́ránsì, ó sì tọ́jú lẹ́tà ìpínrọ̀ méjì yẹn sínú Bíbélì. Mi ò mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe.

Nígbà tí wọ́n tún fẹ́ wó òfin náà ní 2017, mi ò dúró de ẹ̀rọ kankan. Mo pe ọ́fíìsì Rob Portman, sẹ́nétọ̀ Ohio nígbà náà, fúnra mi, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ní ọjọ́ 26 oṣù Keje, ó dìbò bẹ́ẹ̀ kọ́ sí àbá tó fẹ́ wó o láìfi nǹkan kan rọ́pò. Inú mi dùn. Ní ọjọ́ 28, ó dìbò bẹ́ẹ̀ ni sí àbá mìíràn tó kéré sí i. Àtàǹpàkò tí John McCain, sẹ́nétọ̀ tí òun àti Portman jọ wà nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kan náà, dojú rẹ̀ kọlẹ̀ láti fi dìbò bẹ́ẹ̀ kọ́ lóru ọjọ́ yẹn ló pa á, 49 sí 51. Ẹni tó bá ní kó o pè, pé aṣòfin á ṣe tìẹ, ó ń tàn ọ́ ni. Ohun tó dá mi lójú ò ju pé ohun tí wọ́n kọ síwájú orúkọ mi lọ́tẹ̀ yìí, ẹnu mi ló ti jáde.

Ní báyìí, ohùn pàápàá ti di ohun tí wọ́n ń rọ. Ní oṣù Kìíní 2024, ẹ̀rọ pe àwọn ará New Hampshire, ó ń sọ̀rọ̀ bíi Biden gẹ́lẹ́, ó ní kí wọ́n má jáde lọ dìbò abẹ́lé. Kì í ṣe Biden. Ní oṣù Kejì, FCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ fóònù, kéde pé òfin 1991 yẹn náà ló mú irú ohùn bẹ́ẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ kí òfin tó dé, ìpè ti wọlé.

Màmá ti padà sí Ìbàdàn tipẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní ohùn kan pe àwọn láti iléeṣẹ́ fóònù, ó ní káwọn tẹ 1 káwọn lè ní orin tí yóò máa dún sí ẹni tó bá pè. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n wá ṣe.

"Mo kí i," wọ́n ní. "Kò dáhùn. Mo gé e."