Ta ni apànìyàn Whitechapel?

Ní Kubwa, ní Àbújá, àbúrò mi ṣì ń bá mi jiyàn pé Druitt ni Jack the Ripper, ẹni tí ó pa àwọn obìnrin márùn-ún tí wọ́n kú ní agbègbè Whitechapel, ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, ní 1888, nítorí pé wọ́n rí òkú rẹ̀ nínú odò Thames nígbà tí ọdún náà ń parí lọ. Èmi kò gbà. Macnaghten, ọ̀gá ọlọ́pàá tí ó kọ orúkọ Druitt, Kosminski àti Ostrog sílẹ̀ ní 1894 gẹ́gẹ́ bí àwọn tí wọ́n fura sí, kò tíì wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá nígbà tí ìpànìyàn náà wáyé. Ó pe Druitt ní dókítà, bẹ́ẹ̀ agbẹjọ́rò àti olùkọ́ ni (ẹ wo irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀!). Ní ti Ostrog, ẹ̀wọ̀n ló wà ní ilẹ̀ Faransé nígbà ìpànìyàn náà.