Léfítíkù 19 lẹ́nu kóńgò: ohun tí Bíbélì kọ́ mi lórí òwò oúnjẹ

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fíríìdọ̀mù, ẹ kú oríire. Mo mọ̀ pé wọ́n ti gbàdúrà sí ṣọ́ọ̀bù tuntun fún yín, ẹlòmíràn nínú yín sì ti lẹ ẹsẹ Bíbélì mọ́ ògiri. Ẹsẹ ìlérí ni mo sábà máa ń rí níbẹ̀: pé a ó jẹ́ orí, a kì yóò jẹ́ ìrù, pé ohun tí a bá dáwọ́ lé yóò yọrí sí rere. Ó dára, èmi náà ń ṣe àmín sí i. Ṣùgbọ́n orí Bíbélì kan wà tí n kò tíì rí lára ògiri ṣọ́ọ̀bù kankan, òun ló sì kọ́ mi bí Kristẹni ṣe ń ta gàrí, ẹ̀wà àti èlùbọ́. Léfítíkù orí 19 ni.

Gbogbo wa la mọ ẹsẹ 18 rẹ̀, bí a kò tilẹ̀ mọ̀ pé ibẹ̀ ló wà: pé kí a fẹ́ràn ọmọnìkejì wa bí ara wa. Nígbà tí amòfin bi Jésù léèrè òfin tó ga jù, èyí ni Jésù fi ṣe ìkejì fífẹ́ràn Ọlọ́run. A ti gbọ́ ìwàásù lórí rẹ̀, a ti kọrin rẹ̀. Ohun tí a kì í sábà ṣe ni kí a ka ohun tó wà lókè rẹ̀ àti ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Lókè rẹ̀, owó iṣẹ́ alágbàṣe ni Ọlọ́run ń sọ, àti irọ́, àti ìbúra. Nísàlẹ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n ló wà. Àárín ọ̀rọ̀ ọjà gan-an ni Ọlọ́run ti dárúkọ ìfẹ́. Láti ìgbà tí mo ti kíyè sí i ni n kò ti lè ka ìfẹ́ sí ohun tó wà nínú ọkàn nìkan mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ orí náà, torí ibẹ̀ ló kàn wá jù. Ẹsẹ 35 àti 36 ní kí ìwọ̀n wa jẹ́ òtítọ́, kí éfà àti hínì wa jẹ́ òtítọ́. Éfà ni wọ́n fi ń wọn ọkà, hínì ni wọ́n fi ń wọn òróró àti wáìnì. Kóńgò ni tiwa, àti ìgò àti kẹ́ẹ̀gì fún àwọn tó ń ta epo.

Ẹni tó bá ti pẹ́ ní ọjà Bódìjà n'Ìbàdàn mọ ọ̀nà tí kóńgò ń gbà purọ́. Òmíràn wà tí wọ́n ti fi òòlù lu ìdí rẹ̀ wọnú. Òmíràn wà tó jẹ́ pé àbẹ́là ni wọ́n yọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, tó ti gan mọ́ ọn. Wọ́n ń gé ẹnu òmíràn, wọ́n á sì ká a dáadáa kí ó má baà hàn. Èyí tó burú jù lójú mi ni kóńgò tí kò ní àbùkù kankan lára, tó jẹ́ pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Bí wọ́n bá ń rà lọ́wọ́ àgbẹ̀, wọ́n á mì í, wọ́n á kì í mọ́lẹ̀, wọ́n á wá fi apá méjèèjì gbá ọjà jọ sórí rẹ̀ títí yóò fi rí ṣóńṣó. Bí wọ́n bá ń tà, wọ́n á rọra máa da gàrí sí i láti òkè kó lè fúyẹ́ nínú rẹ̀, wọn kò sì ní jẹ́ kí ohunkóhun kàn án títí wọ́n á fi dà á sínú ọ̀rá oníbàárà. Diutarónómì 25:14 ní a kò gbọ́dọ̀ ní òṣùwọ̀n méjì nínú ilé, ńlá kan, kékeré kan. Kóńgò kan ṣoṣo ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù ẹni yìí, síbẹ̀ òṣùwọ̀n méjì ló ní.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí, bẹ́ẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí ẹ máa ṣe é. Kóńgò tí a fi rà ni a fi ń tà. Ọmọ tó ń bá mi tajà gbọ́dọ̀ mi kóńgò kó tó kó orí rẹ̀ jọ, oníbàárà ì báà máa wò ó, ì báà máa tẹ fóònù. Bí kóńgò bá já bọ́ tí ìdí rẹ̀ tẹ̀, a kì í fún ẹlòmíràn, a máa ń tẹ̀ ẹ́ pa pátápátá kí ẹnikẹ́ni má baà tún mú un tajà. Ẹ má sì ka èènì mọ́ òṣùwọ̀n. Ìgbà tí kóńgò bá ti pé ni èènì ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó yọ ẹ̀kúnwọ́ mẹ́ta kúrò nínú kóńgò, tó wá bu ẹ̀kúnwọ́ kan ṣe èènì, tí oníbàárà ń sọ pé "ẹ ṣeun mà, Ọlọ́run á bù kún yín," ó gba owó, ó tún gba àdúrà tí kò tọ́ sí i. Nígbà tí Jésù ń sọ̀rọ̀ nípa fífúnni nínú Lúùkù 6:38, ó sọ òṣùwọ̀n tí a kì mọ́lẹ̀, tí a mì, tó kún tó ń dà sílẹ̀. Ẹni tó ti dúró níwájú ọlọ́kà rí ló ń sọ̀rọ̀ báyẹn.

Wòlíì Ámósì náà, darandaran ará Tékóà ni, ó sì mọ ọjà. Nínú orí 8 ìwé rẹ̀, ó bá àwọn oníṣòwò Ísírẹ́lì wí, àwọn tó ń pa ọjọ́ ìsinmi mọ́, ṣùgbọ́n tí wọ́n jókòó níbẹ̀ tí wọ́n ń ronú pé nígbà wo ni yóò parí kí àwọn lè lọ ta ọkà, kí àwọn sọ éfà di kékeré, kí àwọn sì ta ìdọ̀tí ọkà mọ́ ọkà. Ẹ ka ìyẹn dáadáa kí ẹ tó po ẹ̀wà èṣí mọ́ tọdún yìí. Bó bá jẹ́ ẹ̀wà èṣí lẹ ní, ẹ tà á ní ẹ̀wà èṣí, kí ẹ dá iye tirẹ̀ lé e. Àwọn tó ń lọ̀ ọ́ fún gbẹ̀gìrì yóò rà á.

Òṣùwọ̀n pípé ń náni lówó, kí n má tàn yín. Ẹni tó ń kọjá lọ kì í yẹ ìdí kóńgò wò, "èló ni kóńgò?" ló ń béèrè. Bí kóńgò alábẹ́là bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, iye tirẹ̀ yóò kéré sí tiyín, ẹsẹ̀ yóò sì máa yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ó dà bí ọ̀wọ́n. Àwọn tó kọ́kọ́ mọ òtítọ́ ni àwọn olóúnjẹ, àwọn tó ń se ẹ̀wà tà àti àwọn alákàrà, nítorí wọ́n mọ iye abọ́ tó yẹ kó jáde nínú kóńgò kan. Wọn kì í tètè dé. Wọ́n á ti rà yíká ọjà kí wọ́n tó jókòó tì yín. Nítorí náà, ẹ má ṣe yáwó ńlá bẹ̀rẹ̀. Gbèsè tó ń lé ni láti ẹ̀yìn ló máa ń kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọlúàbí bí wọ́n ṣe ń lu ìdí kóńgò.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Léfítíkù 19. Ẹsẹ 14 ní a kò gbọ́dọ̀ fi ohun ìkọ̀sẹ̀ síwájú afọ́jú. Ní ìdí oúnjẹ, mo ka ẹnikẹ́ni tí kò lè rí ohun tí à ń ṣe sí i mọ́ ẹni tí ẹsẹ yẹn ń sọ. Ọmọ kékeré tí ìyá rẹ̀ rán wá, tó di owó mọ́wọ́ títí ó fi rin, tó kàn ń tún iṣẹ́ tí wọ́n rán an sọ kó má baà gbàgbé: "ẹ̀wà olóyin kóńgò méjì, kí ẹ fún mi ní ṣéńjì." Kóńgò tirẹ̀ gbọ́dọ̀ pé ju ti àgbàlagbà lọ, kí ẹ ka ṣéńjì rẹ̀ sí i lójú, kí ẹ dì í sínú ọ̀rá tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Òmíràn nínú wọn ni gbogbo ẹni tó ń ra ẹ̀wà tí wọ́n fi òtápíápíá sí. Mo bẹ̀ yín lórí èyí pẹ̀lú gbogbo ọkàn mi. Kòkòrò á kú lóòótọ́, ẹ̀wà á sì dán, ṣùgbọ́n majele náà yóò bá a délé, yóò dé inú ìkòkò àwọn ọmọ. NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, ti kìlọ̀ léraléra nípa fífi dichlorvos, oògùn apakòkòrò inú òtápíápíá, sí oúnjẹ. Diutarónómì 22:8 ní ẹni tó bá kọ́ ilé tuntun gbọ́dọ̀ ṣe ìgbátí yí òrùlé rẹ̀ ká, nítorí òrùlé wọn tẹ́jú, wọ́n ń jókòó lórí rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá já bọ́, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà lórí ilé náà. Onílé kò ti ẹnikẹ́ni o, ó kàn kọ̀ láti ṣe ìgbátí ni, Ọlọ́run sì ka ẹ̀jẹ̀ sí i lọ́rùn. Nítorí náà, ẹ sá ẹ̀wà títí yóò fi gbẹ dáadáa. Ẹ ra àpò onípele mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní PICS: ọ̀rá méjì ló wà nínú, àpò ló wà níta. Ẹ kó ẹ̀wà sí i, ẹ tẹ atẹ́gùn jáde, kí ẹ so ẹnu ọ̀rá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀lọ́tọ̀. Kòkòrò tó bá wà nínú rẹ̀ kò ní rí atẹ́gùn mí, yóò kú láìsí oògùn kankan. Ó wọ́n ju àpò lásán lọ, ṣùgbọ́n bí kò bá lu, ẹ ó tún un lò lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Ẹsẹ 13 ní owó alágbàṣe kò gbọ́dọ̀ sùn mọ́ wa lọ́wọ́ di òwúrọ̀. Alábàárù ni mo máa ń rí tí mo bá kà á. Ó ti gbé àpò láti ìdí ọkọ̀ dé ẹnu ṣọ́ọ̀bù, òógùn ń ṣàn lára rẹ̀, wọ́n á ní kó padà wá lọ́la torí pé kò sí ṣéńjì. Diutarónómì 24:15 sọ ìdí tí oòrùn kò fi gbọ́dọ̀ wọ̀ bá owó rẹ̀: tálákà ni, ó sì gbé ọkàn lé e. Oúnjẹ alẹ́ rẹ̀ ni. Ẹ máa ya owó wẹ́wẹ́ alábàárù sọ́tọ̀ láàárọ̀ kí ẹ tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ sì bá a sọ iye kó tó gbé ẹrù.

Lórí ìbúra, ẹsẹ 12 kò fi nǹkan kan pamọ́: ẹ má fi orúkọ Ọlọ́run búra èké. "Ọlọ́run ń gbọ́, iye tí mo rà á nìyí" ti di ẹnu lásán lọ́jà wa, àwọn tó ń sọ ọ́ tilẹ̀ lè máa kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí a ná ọjà. Òwe 20:14 ti mọ oníbàárà wa láti ọjọ́ aláyé ti dáyé: "kò dára, kò dára" ló ń wí, bó bá ti kúrò níbẹ̀ tán, á máa yangàn. Bó bá ní ẹ̀wà yín ti gbó, ẹ ní, "Ẹ bù ú wò, mà." Bó bá ní kí ẹ gba iye kan, tí iye náà kò bá tó, ẹ ní, "Kò gbà bẹ́ẹ̀, ẹ fi díẹ̀ kún un." Ó tó. Èrè tí ẹ ń jẹ kì í ṣe ohun ìtìjú tí ẹ ó máa fi ìbúra bò mọ́lẹ̀.

Ẹ má lé àwọn ìyá arúgbó tó ń gbá ẹ̀wà tó dà sílẹ̀ nídìí ọkọ̀. Ẹsẹ 9 àti 10 ní ti wọn ni ohun tó bá bọ́ sílẹ̀, Rúùtù ará Móábù sì ṣa ọkà báyẹn lóko Bóásì, tí Bóásì tún ní kí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fà díẹ̀ sílẹ̀ fún un. Bákan náà ni ẹni tó kó ẹ̀wà wá láti Òkè Ọya tí kò gbọ́ Yorùbá: ẹsẹ 34 lo ọ̀rọ̀ kan náà tó wà ní ẹsẹ 18 fún un, pé kí ẹ fẹ́ràn àlejò bí ara yín. Ẹ má fi èdè rẹ́ ẹ jẹ.

Èyí tó ṣòro jù fún ọmọdé ni ẹsẹ 17, nítorí ẹ ó rí kóńgò títẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó sún mọ́ yín, ó sì lè jẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá tó kọ́ yín níṣẹ́. Ẹsẹ náà ní kí a má kórìíra arákùnrin wa lọ́kàn, kí a bá a sọ ọ́. Ẹ má gbé e lọ sórí WhatsApp ẹgbẹ́, ẹ má sì máa bínú sí i ní ìkọ̀kọ̀ nígbà tí ẹ ń kí i "ẹ kú ọjà mà." Ẹ dúró kí oníbàárà tán, ẹ kúnlẹ̀ bí ọmọ, kí ẹ ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí n ra kóńgò tuntun wá fún ṣọ́ọ̀bù." Bó bá kọ̀, ẹ ti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bó bá ní kí ẹ bá òun dúró ti ọjà, kóńgò tiyín ni kí ẹ mú lọ.

Ọ̀rọ̀ àwìn ṣì kù, ó sì gbòòrò, a ó jókòó tì í lọ́tọ̀. Kí ẹ tó wá, ẹ ka Diutarónómì 24:10 sí 13. Ẹ ó rí i níbẹ̀ pé ẹni tó yáni lówó kò gbọ́dọ̀ wọ ilé onígbèsè lọ mú ohun ìdógò. Ìta ni yóò dúró sí títí onílé yóò fi mú un jáde wá. Àwọn Òṣómàáló ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà pàápàá, àwọn aláṣọ ayé àtijọ́ tó ń tà láwìn, tí wọ́n ń lóṣòó ti onígbèsè títí yóò fi san owó, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń lóṣòó sí nígbà náà. Kí ẹ mú ìwé àwìn yín dání, kí a lè jọ wo orúkọ kọ̀ọ̀kan.