Inú Ọyẹ́ Ni Kẹ́ Ẹ Ti Yan Ewéko Etí Omi

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ nídìí iṣẹ́ òdòdó l'Ábùjá, ẹ gbọ́ tèmi.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo dá gbà ní Gwarinpa dùn mí gan-an. Mo gbẹ́ kòtò fẹ́ẹ́rẹ́ síbi tí omi òrùlé ń dà sí, kí òjò lè máa rì sílẹ̀ níbẹ̀ dípò kó ya lọ sójú títì. Mo kó tẹ̀tẹ̀ẹ̀gún láti Ìbàdàn, mo gbìn ín yí i ká. Títí di oṣù kẹsàn-án, ojú gbogbo èèyàn ló ń wà lára ẹ̀. Òjò kásẹ̀ nílẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì, gbogbo ẹ̀ ti gbẹ bí ìgbálẹ̀, mo sì dá ìdajì owó ìyá tó ni ilé padà.

Àkùrọ̀ kan lẹ́yìn Kubwa, tí àwọn ará ibí ń pè ní fadama, ló là mí lójú lọ́dún yẹn. Ilẹ̀ ti lanu débi pé odidi ìka ń wọ inú ẹ̀, síbẹ̀ koríko tí Hausa ń pè ní jema ṣì tutù. Mo gbẹ́ ìdí ẹ̀ títí ọwọ́ mi fi wọlẹ̀ dé ìgùnpá, gbòǹgbò ò tíì tán. Ó rí tín-ín-rín, ó sì ń ta sánsán. Ohun tó lè rì lóṣù kẹjọ, tó sì lè fara da ọyẹ́, lèyí. Òun ni mo fi tún ti Gwarinpa ṣe, ó ti rí ọyẹ́ mẹ́ta.

Kẹ́ ẹ tó gbin ohunkóhun, ẹ gbẹ́ ihò tó jìn ní ẹsẹ̀ bàtà kan, ẹ pọn omi kún un lẹ́ẹ̀mejì, ẹ padà lọ wò ó lọ́jọ́ kejì bóyá omi ti rì. Ilẹ̀ pupa tí típà ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ kì í fa omi. Ẹ fi dígà tú u, ẹ po yanrìn àti ìgbẹ́ màlúù tó ti jẹrà mọ́ ọn. Omi tó bá dúró ju ọjọ́ méjì lọ, tanwíjí ló ń pè.

Adágún tí kì í gbẹ yàtọ̀. Òṣíbàtà ni mo fẹ́ràn jù níbẹ̀. Òru ló ń tanná, funfun báláú, ó sì máa ń padé kí ọ̀sán tó pọ́n. Bàbá kan ní kí n fi ojúoró sí tòun, torí ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa mọ̀ pé ojúoró ní í lékè omi. Ó lékè lóòótọ́: ó bo gbogbo ojú omi, ẹja wá ń yọ ẹnu láàárọ̀ láti mí. Ẹ máa bù ú kúrò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún Typha náà, ìyẹn koríko gíga kan tó máa ń hù nínú omi. Ọmọ ilẹ̀ ni, àmọ́ ibi tí omi kì í bá gbẹ mọ́, kì í fàyè sílẹ̀ fẹ́nì kankan. Lẹ́yìn tí wọ́n kọ́ ìsédò Tiga ní 1974 àti Challawa Gorge ní 1992, omi ń ṣàn dé àkùrọ̀ Hadejia-Nguru ní àríwá Nàìjíríà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó yẹ kí ilẹ̀ ibẹ̀ gbẹ. Typha wá dínà mọ́ apẹja àti àgbẹ̀.

Torí náà, lóṣù kejì, ẹ lọ sí àkùrọ̀ tó sún mọ́ yín, ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ń dáko níbẹ̀, ẹ so òwú pupa mọ́ ohun tó bá ṣì tutù. Tó bá di oṣù kẹfà, gbogbo ewé á ti rí bákan náà. Òwú yẹn ni kẹ́ ẹ wá. Ẹ yọ ìdajì ìdí kan, ẹ fi ìdajì sílẹ̀.