Ẹ Bá Mi Yin Ìlú Tó Ń Gba Ìgbẹ́ Àlejò

Bí a bá ti wọ ìlú kan pẹ̀lú RV wa, ọkọ̀ ìrìn-àjò tí a ń sùn tí a sì ń jẹun nínú rẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń bèèrè ni ibi tí sani-dump wọn wà. Orúkọ tí wọ́n ń pè é ní apá ìwọ̀-oòrùn Kánádà nìyẹn: ojú ihò tí onírìn-àjò ti ń da ìgbẹ́ àti omi ìdọ̀tí inú ọkọ̀ rẹ̀ nù. Oúnjẹ lè dúró, oorun lè dúró, ṣùgbọ́n táńkì ìgbẹ́ tó bá ti kún kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ojú kì í tì mí láti bèèrè, kò sì yẹ kó ti ẹnikẹ́ni.

Calgary la ń gbé. Lọ́dún tí Mọ́mì mi wá kí wa láti Ìbàdàn, Bàbá Ṣọlá ní ká gbé wọn gba ojú ọ̀nà Alaska Highway lọ sí Yukon ní ìhà àríwá Kánádà, kí wọ́n lè fojú ara wọn rí ilẹ̀ tí oòrùn kì í tètè wọ̀. Inú oṣù kẹfà la lọ. Dawson Creek ní British Columbia ni ọ̀nà yẹn ti bẹ̀rẹ̀, ó sì lé ní 2,000 kìlómítà kó tó parí sí Delta Junction ní Alaska. Àwọn sójà Amẹ́ríkà ló la á lọ́dún 1942, nígbà tí ogun ń jà tí ẹ̀rù àwọn ará Japan ń bà wọ́n. Mo sọ fún Mọ́mì pé àwọn aláwọ̀ dúdú tó lé ní 3,000 wà lára àwọn sójà náà, pé ẹgbẹ́ tiwọn ni wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀ sí, àti pé àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ 95th ló fi igi kọ́ afárá orí odò Sikanni Chief láàárín ọjọ́ díẹ̀ péré. Nígbà tí a dé odò náà, Mọ́mì ní kí Bàbá Ṣọlá dúró. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n wo omi náà títí, wọ́n súre fún àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà nínú òtútù, kí a tó máa lọ.

Ẹ jẹ́ kí n tètè kọjá lórí àwọn ibi tó lẹ́wà, torí àwọn tó ń kọ̀wé nípa wọn ti pọ̀. Omi gbígbóná Liard River, tí ooru rẹ̀ ń lọ láti ìwọ̀n 42 sí 52 lórí Sẹ́lísíọ̀sì, ni Mọ́mì fẹ́ràn jù. Wọ́n ní orúnkún àwọn kò dun àwọn mọ́ lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn ibẹ̀, àwọn ẹfọ̀n ńláńlá tí wọ́n ń pè ní bison dúró sí àárín títì, wọn kò sì yà fún wa títí tó fi wù wọ́n. Bí a ṣe ń sún mọ́ ìlú Watson Lake ní Yukon, iná pupa táńkì ìgbẹ́ ti tàn, ti táńkì omi ìwẹ̀ náà sì ti fẹ́ẹ̀ tàn.

Fún ẹni tí kò tíì wọ RV rí, táńkì mẹ́ta ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan fún omi tó mọ́. Èkejì fún omi tí a fi wẹ̀ àti èyí tí a fi fọ àwo. Ẹ̀kẹta fún ilé ìgbẹ́. Tiwa tó ń gba ìgbẹ́ yẹn gba nǹkan bíi lítà 115. Ìdílé tó ní ọmọ méjì àti ìyá àgbà kan kì í pẹ́ kún un. Inú ọkọ̀ kan náà tí ẹ ń sùn, tí ẹ ń jẹun, ni ẹ fi ń gbé gbogbo rẹ̀ kiri, tó bá sì ti kún, ilé ìgbẹ́ kò ṣeé lò mọ́. Ní ìlú ńlá, èyí kì í ṣe ìṣòro. Ṣùgbọ́n lójú ọ̀nà yìí, ẹ lè wa ọkọ̀ fún wákàtí mélòó kan láìrí ju igbó, òkè, àti ilé epo kan ṣoṣo.

Ìlú kékeré ni Watson Lake. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ àti àyíká rẹ̀ kò pé 2,000. Ilẹ̀ àwọn Kaska ni, àwọn tó ti ń dọdẹ, tí wọ́n ń pẹja níbẹ̀ kí títì tó dé. Ohun tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n mọ́ ni igbó pátákó tó wà níbẹ̀: lọ́dún 1942, sójà kan tó ń jẹ́ Carl Lindley, tí àárò ilé ń sọ, kan pátákó orúkọ ìlú rẹ̀, Danville ní Illinois, mọ́ òpó. Àwọn ará ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í kan tiwọn mọ́ ọn, àwọn pátákó náà sì ti lé ní 80,000 báyìí. Ṣọlá fi ọ̀dà pupa kọ ÌBÀDÀN sára pákó kan, a sì kàn án mọ́bẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ pé pérépéré. Inú mi dùn sí ìyẹn gan-an.

Ṣùgbọ́n sani-dump ni a kọ́kọ́ lọ. Ó wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń gba àwọn onímọ́tò bíi tiwa sílẹ̀ láti sùn. Bàbá àgbàlagbà kan tó ń tọ́jú ibẹ̀ ló nawọ́ sí wa pé ká wá. Pèpéle kọ̀ǹkéré ni wọ́n ṣe sílẹ̀, ó tẹ̀ síhà àárín, ihò kan sì wà láàárín rẹ̀ tí ìdérí irin bò. Ẹ̀rọ omi méjì ló wà níbẹ̀, wọ́n sì jìnnà síra: ọ̀kan fún fífọ họ́ọ̀sì, tí wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ gàdàgbà pé kì í ṣe omi mímu, èkejì fún omi tó mọ́. Bàbá náà ti fọ gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀ ká. Kò sí òórùn kankan. Mo ti rí sani-dump ní ìlú tó tóbi jù báyìí lọ tí ènìyàn ò lè gbẹ́sẹ̀ sí.

Bàbá Ṣọlá wa ọkọ̀ náà kí ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ lè kọjú sí ihò, torí apá ibẹ̀ ni páìpù ìdọ̀tí máa ń wà. Èmi ni mo máa ń tú táńkì nínú ilé wa. Nọ́ọ̀sì ni mí, ìgbẹ́ èèyàn kì í bà mí lẹ́rù. Mo wọ ìbọ̀wọ́ tó gùn dé ìgbọ̀nwọ́, mo fa họ́ọ̀sì jáde, mo ki ẹnu rẹ̀ kan bọ ihò, mo gbé òkúta lé e kó má baà fò yọ, mo wá yí ẹnu kejì mọ́ páìpù ọkọ̀ títí tó fi dún kẹ́. Kẹ́ yẹn ṣe pàtàkì. Ẹni tí kò bá dúró gbọ́ ọ yóò fi ara rẹ̀ ṣe é. Lẹ́yìn náà ni mo fa ọwọ́ fáàfù dúdú, ti ìgbẹ́. Ó kọ́kọ́ dákẹ́, ó wá ya wálẹ̀ gbùù, họ́ọ̀sì náà gbọ̀n, ó sì ń mì lórí ilẹ̀. Ìsopọ̀ kan wà lẹ́nu họ́ọ̀sì wa tó mọ́ gaara bíi gíláàsì, ibẹ̀ ni mo máa ń wò títí ohun tó ń kọjá á fi fúyẹ́. Bàbá Ṣọlá da bọ́kẹ́ẹ̀tì omi sínú ilé ìgbẹ́ láti inú ọkọ̀, mo tún jẹ́ kó ya. Ìgbà tó mọ́ ni mo ti fáàfù náà pa, tí mo wá ṣí ti omi ìwẹ̀. Ìgbẹ́ ló gbọ́dọ̀ ṣáájú, kí omi ọṣẹ lè tẹ̀ lé e láti fọ inú họ́ọ̀sì.

Mọ́mì sọ̀ kalẹ̀ wá dúró tì mí. Mo ní, "Mọ́mì, ẹ wọlé, ẹ jọ̀ọ́, ibí kọ́ ni kí ẹ dúró sí."

"Àbẹ̀kẹ́, fi mí sílẹ̀," wọ́n ní. "Ṣé ìgbẹ́ ni mi ò rí rí? Àwa tí a gbé Ìsàlẹ̀ Èkó lọ́mọdé, a mọ agbépòó."

Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ìtàn tí mi ò gbọ́ rí lẹ́nu wọn. Lóru ni agbépòó máa ń wá, wọ́n ní, ó máa ń da aṣọ bojú kí ẹnikẹ́ni má dá a mọ̀. Ẹ̀yìnkùlé ló máa ń gbà wọlé, yóò gbé páìlì tó ti kún sórí, yóò fi èyí tó ṣófo sípò rẹ̀. Bàbá wọn kì í gbà kí ọmọ kankan fi agbépòó ṣe yẹ̀yẹ́ tàbí kó fọwọ́ bo imú níṣojú rẹ̀. Ẹni tó bá bú u mọ̀ pé páìlì lè dà sẹ́nu ọ̀nà òun. Ṣùgbọ́n Mọ́mì ní kì í ṣe ìbẹ̀rù nìkan ló fa ìkìlọ̀ bàbá wọn. Bàbá wọn máa ń sọ pé bí ọkùnrin yẹn kò bá wá lọ́sẹ̀ méjì, gbogbo àdúgbò ló máa mọ ẹni tó ga jù níbẹ̀.

Mọ́mì wá yíjú sí bàbá tó ń tọ́jú sani-dump. Wọ́n tẹ orúnkún díẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá." Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un bí mo ṣe lè túmọ̀ rẹ̀. Ó ṣí fìlà rẹ̀, òun náà tẹrí ba.

Ọ̀rọ̀ tí èmi ń bọ̀ wá sọ nìyí. Ohun tí ìlú kékeré bíi Watson Lake ń ṣe fún wa tóbi ju bí a ṣe rò lọ. Ilé iṣẹ́ ńlá tó ń fọ omi ìdọ̀tí kì í sábà sí ní irú ìlú bẹ́ẹ̀. Ohun tó wọ́pọ̀ ní ìhà àríwá ni adágún tí wọ́n gbẹ́, tí wọ́n ń darí ìdọ̀tí ìlú sí, kí bakitéríà lè jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ní àwọn ibi tí ilẹ̀ abẹ́ ti dì gan-in tọdún tọdún, páìpù kò ṣeé rì mọ́lẹ̀ bó ṣe yẹ, ọkọ̀ táńkì ló ń lọ láti ojúlé dé ojúlé láti fa ìdọ̀tí, bíi ti àwọn tó ń wá fa sókàwéè ní Ìbàdàn. Òtútù máa ń mú kí bakitéríà lọ́ra. Yìnyín á bo adágún láti ìgbà ìwọ́wé títí di ìgbà ìrúwé, gbogbo ohun tó wọ inú rẹ̀ á sì máa dúró de ooru. Ìgbà ooru kúkúrú tí adágún náà rí ṣiṣẹ́ yẹn gan-an ni àwa àlejò ń ya dé pẹ̀lú táńkì wa. Àwọn ará ìlú ló ń san owó ìtọ́jú rẹ̀ yípo ọdún.

Ìdí nìyí tí inú fi ń bí mi sí àwọn oògùn táńkì kan. Èyí tó ní kẹ́míkà formaldehyde nínú máa ń pa òórùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń pa bakitéríà pẹ̀lú. Ẹni tó bá da irú rẹ̀ sí adágún ìlú kékeré ti ba iṣẹ́ àwọn onílé jẹ́ kó tó máa lọ. Oògùn tó ní enzyme nínú, èròjà tó ń ṣèrànwọ́ láti jẹ́ kí ìgbẹ́ jẹrà, wà lọ́jà, kò sì wọ́n. Tíṣù tútù tí a fi ń nu ìdí ọmọ náà kò gbọ́dọ̀ wọ táńkì, bí wọ́n tilẹ̀ kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pé ó ṣeé fi omi ṣàn. Kì í jẹrà. Ó máa ń lọ́ mọ́ra, á sì dí ẹ̀rọ tó ń fa ìdọ̀tí. Ẹnì kan ni yóò sì ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ láti yọ ọ́.

Èyí tó dùn mí jù lọ ṣẹlẹ̀ kí a tó dé Watson Lake. A yà sí ibi ìsinmi kan lẹ́bàá títì. RV kan wà níwájú wa, ó tóbi, ó sì rí bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Nígbà tó gbéra, a rí ohun tó wà nílẹ̀ níbi tó dúró sí: ìgbẹ́, tíṣù, omi dúdú tó ń ṣàn sọ̀ kalẹ̀ lọ sínú koto, láti ibẹ̀ sínú odò kékeré kan. Kò sí odò tó dá dúró ní agbègbè yẹn. Èyí tó kéré ń ṣàn sínú odò Liard, Liard ń ṣàn sínú odò Mackenzie ní Fort Simpson, Mackenzie sì ń lọ sí òkun Arctic. Àwọn èèyàn ń pẹja ní gbogbo ojú ọ̀nà omi yẹn. Ẹni yẹn mọ̀ pé sani-dump wà níwájú, pátákó rẹ̀ wà lójú ọ̀nà. Ó kàn rò pé níwọ̀n ìgbà tí kò rí ilé, kò sí ènìyàn. Bàbá Ṣọlá gba nọ́ńbà ọkọ̀ náà sílẹ̀, a sì fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn nígbà tí a dé ìlú. Mo ṣì máa ṣe bẹ́ẹ̀ bí mo bá tún rí irú rẹ̀, ì báà jẹ́ ará ilé wa ló wà á.

Àwọn ọ̀rẹ́ tí mo sọ fún pé mo fẹ́ kọ èyí ti ń bèèrè bí wọ́n ṣe máa múra. Bí ẹ bá fẹ́ yá RV, ẹ tú họ́ọ̀sì ìdọ̀tí rẹ̀ wò níwájú ẹni tó ń yá yín. Èyí tí wọ́n fún wa nígbà kan lu ní ibi méjì, a sì sọ pé a ò gbé e àfi tí wọ́n bá pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ ra ìbọ̀wọ́ tiyín. Bí ẹ bá so họ́ọ̀sì mọ́ ihò níbi tí ẹ sùn sí, ẹ má ṣí fáàfù ìgbẹ́ sílẹ̀ mọ́jú, omi nìkan ni yóò máa ṣàn lọ, èyí tó le á dúró sínú táńkì, á gbẹ, á sì di òkè. Ẹ jẹ́ kó fẹ́ẹ̀ kún kí ẹ tó tú u, kí agbára omi lè gbá a jáde. Bí ẹ bá ń kúrò ní Watson Lake lọ sí Whitehorse, olú-ìlú Yukon, nǹkan bíi 440 kìlómítà ni, àwọn ibi ìpàgọ́ ìjọba Yukon tó wà lójú ọ̀nà sì ní ṣáláńgá, ṣùgbọ́n wọn kò ní ibi tí ẹ lè so họ́ọ̀sì mọ́. Ẹ tú táńkì kí ẹ tó gbéra.

Tó bá jẹ́ pé oṣù kẹsàn-án ti ń parí lọ, ẹ kọ́kọ́ pe ibi tí ẹ ń lọ lórí fóònù, torí wọ́n máa ń pa omi sani-dump kí páìpù má baà dì kó sì bẹ́. Ní ti owó, àwọn ilé epo kan kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá ra epo. Níbi tí wọ́n ti ń gbà á, ẹ san án láìná an lówó. Ẹ fọ ilẹ̀ kí ẹ tó lọ, ẹ dá ìdérí ihò padà, kí ẹ sì kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.