Fíìmù nípa ilé ẹni: ohun tí ojú mi rí

Ohun tí àwọn àbúrò tí a jọ ń ṣiṣẹ́ fíìmù máa ń kọ́kọ́ bi mí, bí wọ́n bá fẹ́ ṣe dọkumẹ́ńtárì nípa ìdílé wọn, ni pé kámẹ́rà wo ni kí àwọn rà. Èyí tó wà lọ́wọ́ yín ti tó. Ibi tí ẹ máa jókòó sí ni kí ẹ kọ́kọ́ rò.

Láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu bàbá mi, mo tan iná méjì sí wọn lójú, mo fi máìkì kékeré há ọrùn ẹ̀wù wọn, mo jókòó kọjú sí wọn bí ẹni tó fẹ́ dájọ́. Mo ní, "Bàbá, kí ló ṣẹlẹ̀ lóru ọjọ́ tí ẹ sá kúrò nílé?" Wọ́n wo kámẹ́rà, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "A jáde nílé. A dé ibi tí à ń lọ." Ó parí. Ọdún 2 ni mo fi múra sílẹ̀ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí kò pé ìṣẹ́jú 4. Inú bí mi, àmọ́ n kò jẹ́ kó hàn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká wáyà, mo sì gbàgbé máìkì sí wọn lọ́rùn.

Bàbá mi dìde, wọ́n lọ sí yàrá ẹ̀yìn, níbi tí ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin wà, ẹni tí àwa ọmọ ń pè ní Màmá Ńlá. Ẹ̀rọ ṣì ń gbohùn. Ìṣẹ́jú 11 ni àwọn méjèèjì fi sọ̀rọ̀, gbogbo ohun tí mo ti ń wá kiri ló sì wà nínú rẹ̀. N kò ní sọ ohun tí wọ́n sọ. N kò sì ní dárúkọ ìlú tí wọ́n sá kúrò, torí Màmá Ńlá ní kí n má dárúkọ rẹ̀. Mo ń padà bọ̀ wá sórí máìkì yẹn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí bàbá mi ṣe wá bá mi sọ̀rọ̀ fúnra wọn.

Bàbá mi fẹ́ràn kí wọ́n máa tú rédíò. Kì í ṣe iṣẹ́ wọn o, ohun tí wọ́n fi ń najú ni. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan wọ́n tú rédíò àtijọ́ kan palẹ̀ sórí tábìlì, wọ́n ń to nọ́ọ̀tì rẹ̀ sínú ìdérí agolo, àwọn tó gùn lápá kan, àwọn tó kúrú lápá kejì. Mo gbé kámẹ́rà ka orí àpótí, n kò tan iná kankan, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo ń bá wọn di tọ́ọ̀ṣì mú. Ó tó ogún ìṣẹ́jú tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò sọ̀rọ̀. Ṣàdéédé ni wọ́n ní, "Ohùn rẹ̀ là ń bẹ̀rù."

"Ohùn kí ni, Sà?"

"Rédíò. Bàbá wa ní a ò gbọdọ̀ gbé e dání, pé bó bá ké lójú ọ̀nà, wọ́n á gbọ́ wa. Mo gbé e. Mo yọ bátìrì rẹ̀, mo gbé e."

Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ àwọn tó wà nínú ọkọ̀ lóru ọjọ́ náà, orúkọ kan, nọ́ọ̀tì kan sínú ìdérí agolo. Nígbà tí wọ́n kan orúkọ keje, wọ́n pe orúkọ náà, ṣùgbọ́n wọn ò jù nọ́ọ̀tì yẹn sílẹ̀. Ó wà láàárín ìka wọn títí wọ́n fi ní kí n lọ sùn.

Ọmọ wọn ni mí kí n tó di olùdarí fíìmù, ibi tí mo sì jókòó sí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kì í ṣe ibi tí ọmọ máa ń jókòó sí. Àlejò ló ń jókòó bẹ́ẹ̀. Ọlọ́pàá ló ń jókòó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti fi ìgbà kan rí dúró níwájú ẹni tó ń tan iná sí i lójú tó sì ń bi í pé ibo lo ti ń bọ̀, ẹ má tún fi kámẹ́rà gbé e padà síbẹ̀. Ẹ lọ jókòó tì í. Ẹ wá nǹkan tí ọwọ́ lè dì mú, kí ẹ béèrè nípa nǹkan náà: kọ́kọ́rọ́ tí kò ṣí ilẹ̀kùn kankan mọ́, fọ́tò tí wọ́n gé ẹnì kan kúrò nínú rẹ̀. "Báwo ló ṣe rí lára yín?" kì í mú nǹkan kan jáde lẹ́nu àgbà. "Ta ló ni èyí?" ló ń mú un jáde.

Ní ti ọgbẹ́ ọkàn tí èèyàn jogún, èyí tí gbogbo yín fẹ́ràn láti máa kọ sínú ìwé tí ẹ fi ń béèrè owó fíìmù, inú yàrá ẹ́díìtì ni mo ti rí tèmi. Nílé wa, kí a tó sùn, gbogbo bàtà gbọ́dọ̀ kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Láti kékeré, mo rò pé ìmọ́tótó ni. Lọ́jọ́ kan mo ń wo àwòrán tí mo yà ní ilé tèmi, ilé tí bàbá mi kò sùn sí rí, mo rí bàtà ọmọ mi obìnrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kékeré, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ọmọ ọdún 5 ni. Kò sẹ́ni tó sọ ìtàn sísá kankan fún un. Mo dá àwòrán náà dúró, mo lọ mu omi.

Marianne Hirsch, ọ̀mọ̀wé lítíréṣọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, ló fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lórúkọ, ó pè é ní postmemory: ìrántí ẹni tí kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n tí ìtàn, àwòrán àti ìṣesí àwọn tó wà níbẹ̀ yí ká débi pé ó ń ṣe é bí ẹni pé tirẹ̀ ni. Orúkọ yẹn wúlò fún yín nígbà tí ẹ bá ń ronú. Ẹ má jẹ́ kí ohùn asọ̀tàn pè é nínú fíìmù. Ẹ fi bàtà hàn, kí ẹ dákẹ́.

Ohun tí mo tún máa ń rí nínú iṣẹ́ àwọn àbúrò báyìí ni kí ohùn kan ṣàdéédé sọ pé "sáyẹ́ǹsì ti fi hàn pé ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa." Ẹ rọra. Ìwádìí tí gbogbo èèyàn ń tọ́ka sí jù, ti Rachel Yehuda àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, yẹ àwọn Júù 32 tó yè bọ́ lọ́wọ́ ìpakúpa Nazi wò pẹ̀lú 22 nínú àwọn ọmọ wọn, wọ́n sì rí àmì kan lórí gene kan, ìyẹn ẹyọ àbùdá tí ọmọ ń jogún lára òbí, tó ń jẹ́ FKBP5. Iye èèyàn yẹn kéré, àwọn onímọ̀ mìíràn sì ti béèrè ọ̀pọ̀ ìbéèrè nípa rẹ̀. Ọmọ tó dàgbà lójú ẹni tó ń ta gìrì bí ilẹ̀kùn bá dún, ojú lásán ti tó fún un láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ta gìrì.

Àwòrán ìgbà náà ńkọ́? Ní ọ̀pọ̀ ìdílé, kò sí. Ẹni tó ń sá kì í dúró ya fọ́tò. Rithy Panh, tí ọ̀pọ̀ nínú ìdílé rẹ̀ ṣègbé lábẹ́ ìjọba Khmer Rouge ní Cambodia láàárín ọdún 1975 sí 1979, ní kí wọ́n fi amọ̀ mọ àwọn èèyàn kéékèèké, ó sì tò wọ́n síwájú kámẹ́rà nínú fíìmù rẹ̀ ti ọdún 2013. Amọ̀ yẹn kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni; gbogbo ẹni tó bá wò ó mọ̀ pé amọ̀ ni. Sarah Polley, ní Kánádà, gba ọ̀nà mìíràn lọ́dún 2012: ó ní kí àwọn òṣèré ṣe bí òbí òun, ó ya wọ́n sórí Super 8, fíìmù tín-ínrín tí àwọn ìdílé fi ń ya ara wọn láyé àtijọ́, kó lè jọ fíìmù inú ilé, àwọn òǹwòran kò sì mọ̀ títí ó fi fúnra rẹ̀ tú àṣírí náà. Ó ṣiṣẹ́ fún un torí pé irọ́ inú ìdílé gan-an ni fíìmù rẹ̀ dá lé. Èmi náà dán an wò. Mo kó àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sínú ọkọ̀ akẹ́rù lóru, mo da aṣọ bò wọ́n. Nígbà tí mo wò ó, ó jọ ìpolówó ọjà bùlánkẹ́ẹ̀tì. Mo jù ú nù. Ohun tó wà nínú fíìmù báyìí ni rédíò tí kò ní bátìrì, lórí tábìlì, ìṣẹ́jú 1 àtààbọ̀, kò sí ohùn.

Ìrìn àjò tí mo bá bàbá mi rìn padà kò rí bí mo ṣe rò. Ẹ lọ wo fíìmù tí Katrina Browne gbé jáde lọ́dún 2008: òun àti mọ̀lẹ́bí 9, gbogbo wọn ìran DeWolf tó fi òwò ẹrú lówó, gbéra láti Bristol ní Rhode Island lọ sí Gánà, wọ́n sì lọ sí Kúbà, wọ́n ń tọ ipa ọ̀nà ọkọ̀ àwọn baba ńlá wọn. Èyí tí n kò lè gbàgbé níbẹ̀ kì í ṣe odi ńlá tí wọ́n ń kó ẹrú sí létí òkun. Ìjíròrò tí wọ́n ń bá ara wọn ṣe ni, bí ojú ṣe ń ti ẹnì kan, tí ẹlòmíràn sì ń gbèjà ara rẹ̀. Èmi ò tíì lóye ìyẹn nígbà tí mo gbé bàbá mi lọ sí ojú ọ̀nà tí wọ́n gbà sá. Mo ti lálàá pé wọ́n á sọ̀kalẹ̀, wọ́n á fọwọ́ kan ilẹ̀, wọ́n á sunkún. Wọn ò sọ̀kalẹ̀. Wọ́n wo ìta láti ojú fèrèsé ọkọ̀, wọ́n ní, "Kì í ṣe ibí." Mo fa máàpù yọ, mo ń bá wọn jiyàn, bàbá mi, lórí ibi tí ọkọ̀ tí wọ́n wọ̀ ti bàjẹ́! Màmá Ńlá lórí fóònù tún dárúkọ ibi kẹta. Mo fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú fíìmù, n kò sọ èyí tó tọ̀nà.

Àwọn nǹkan kéékèèké: ẹ gba ìdákẹ́jẹ́ yàrá kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 1 kí ẹ tó tú ẹ̀rọ palẹ̀, ẹ máa nílò rẹ̀ bí ẹ bá ń ẹ́díìtì. Kásẹ́ẹ̀tì ohùn àti kásẹ́ẹ̀tì fídíò VHS tó wà nílé yín ń bàjẹ́ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ẹ tètè dà á sórí kọ̀ǹpútà. Kí ohun gbogbo wà ní ibi 3, kí ọ̀kan má sí nínú ilé kan náà pẹ̀lú àwọn yòókù. Kí gbogbo ẹni tí ẹ bá yà fọwọ́ sí ìwé, títí kan ìyá yín.

Bàbá mi ti fọwọ́ sí ìwé tiwọn. Ohun tí mo fi ń tan ara mi nìyẹn nígbà tí mo fi ìṣẹ́jú 3 nínú ọ̀rọ̀ tí máìkì yẹn gbà sínú fíìmù tí mo kọ́kọ́ tò. Mo tún ní àwíjàre mìíràn. Claude Lanzmann, olùdarí fíìmù ará Faransé, tí Shoah, fíìmù rẹ̀ nípa ìpakúpa àwọn Júù tó ju wákàtí 9 lọ, jáde lọ́dún 1985, fi kámẹ́rà pamọ́ ya Franz Suchomel, ọmọ ogun SS ti àwọn Nazi tó ṣiṣẹ́ ní àgọ́ ìpànìyàn Treblinka, lẹ́yìn tó ti ṣèlérí fún un pé òun ò ní dárúkọ rẹ̀. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ṣe é, ta ni mí tí n kò fi ní ṣe é? Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ara mi ṣe ń dún: mo ti fi bàbá mi wé ọmọ ogun Treblinka.

Màmá Ńlá ni mo kọ́kọ́ fi fíìmù náà hàn, àwa méjì péré. Nígbà tó dé ibi ìṣẹ́jú 3 yẹn, ojú ẹ̀rọ ṣókùnkùn, ohùn nìkan ló ń lọ. Gbólóhùn kejì ni wọ́n ti mọ̀. Wọn ò pariwo. Wọ́n ní, "Ṣé o wà nínú yàrá yẹn?"

Mo ní, "Rárá, Mà."

"Ta ló wá gbọ́ ọ?"

Wákàtí 62 ni mo yà. Ìṣẹ́jú 54 ni fíìmù náà tẹ́lẹ̀, ìṣẹ́jú 51 ló kù. Ibi 3 ni ohùn náà wà, ibi 3 náà ni mo lọ pa á rẹ́, lẹ́yìn tí mo ti da ẹyọ kan sínú fláàṣì. Mo gbé e lọ fún bàbá mi, mo sì sọ bó ṣe dé ọwọ́ mi fún wọn, n kò gé e kúrú. Wọ́n yí i síwá sẹ́yìn lọ́wọ́.

"Èmi ló wà nínú nǹkan kékeré yìí?"

"Ẹ̀yin àti Màmá Ńlá ni, Sà."

Wọ́n ṣí agolo, wọ́n jù ú sáàárín àwọn nọ́ọ̀tì, wọ́n dé e. Wọ́n ní kí n wá di tọ́ọ̀ṣì mú fún àwọn.