Ẹ Má Tíì Nu Púlọ́ọ̀gì Yẹn

Ẹ̀yin àbúrò wa tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, ọ̀rọ̀ alùpùpù tó ń ba púlọ́ọ̀gì jẹ́ léraléra ni a fẹ́ bá yín sọ. Oníbàárà á gbé e dé láàárọ̀, ẹ ó tú púlọ́ọ̀gì, ẹ ó bá a ní dúdú kirimú, ẹ ó fi wáyà bírọ́ọ̀ṣì ha á, ẹ ó dá a padà, alùpùpù á jí, ẹ ó gbowó. Ní ọjọ́ kẹta, ó ti tún dé. Ẹ ta tuntun fún un. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, òun náà tún kú. Ẹ̀kọ́ tí a kọ́ ni pé púlọ́ọ̀gì kọ́ ló ń ṣàìsàn. Ẹlẹ́rìí ni. Bí ẹ bá ti sáré nù ún, ẹ ti pa ẹlẹ́rìí yín lẹ́nu mọ́ kó tó sọ̀rọ̀.

Honda CG125 àtijọ́ ni a ó fi ṣàpẹẹrẹ, èyí tí wọ́n ti ń ṣe láti 1976, torí òun àti àwọn tí wọ́n ṣe ní àwòrán rẹ̀ ní Ṣáínà ṣì pọ̀ lọ́wọ́ wa. Púlọ́ọ̀gì tirẹ̀ ni D8EA tí ilé iṣẹ́ NGK ń ṣe, àlàfo ẹnu rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ 0.6 sí 0.7 mm. Fílà gééjì (irin pẹlẹbẹ tí a fi ń wọn àlàfo) ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Ojú kì í ṣe gééjì.

Ẹ jẹ́ kí ẹlẹ́rìí náà rí òótọ́ sọ. Alùpùpù tó ti wà ní sílóò (tó ń ṣiṣẹ́ láìfún un níná) fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú sún kẹrẹ fà kẹrẹ yóò dúdú lẹ́nu púlọ́ọ̀gì bí ara ẹ́ńjìnì tilẹ̀ le koko. Ẹ fi púlọ́ọ̀gì tuntun sí i, ẹ gùn ún lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, ní jíà kẹta, kí ẹ fún un níná dé ìdajì, bíi kìlómítà 3 sí 5. Láìjẹ́ kó padà wá sí sílóò, ẹ di kílọ́ọ̀ṣì mú, ẹ pa ẹ́ńjìnì lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ẹ dúró kó tutù díẹ̀. Alumí ni orí ẹ́ńjìnì yẹn, bí ẹ bá fi ipá tú púlọ́ọ̀gì nígbà tó gbóná janjan, tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lè bá a jáde.

Ẹ wo funfun tó yí irin àárín ká. Bó bá ní àwọ̀ ẹ̀kọ bàbà, ara dá. Bó bá dúdú tó sì gbẹ, tó ń yí ìka bí ìdí ìkòkò tí wọ́n fi igi dáná sí, epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, tàbí kí púlọ́ọ̀gì má gbóná tó. Bó bá dúdú tó ń dán, tó ń yọ̀ lọ́wọ́, ọ́ìlì ló ń gòkè wá jóná níbẹ̀. Bó bá tutù rinrin tó ń rùn bí epo, bóyá epo ti kún inú rẹ̀ tàbí kọ́rẹ́ǹtì kò dé. Ọ̀nà mẹ́ta yìí kì í sábà dà pọ̀ mọ́ra, ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi gbọ́dọ̀ tú kabùrétọ̀ (ibi tí epo ti ń pò mọ́ afẹ́fẹ́) àti ríìngì (òrùka ara písítọ́nù tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì gòkè) lọ́jọ́ kan náà. Ohun kan ni kí ẹ yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tún gùn ún, kí ẹ tún wò ó.

Èyí tó dúdú tó gbẹ ló wọ́pọ̀ jù, òun náà ni ẹ máa ń ṣe ṣìnà jù. Fíltà afẹ́fẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ. Fóòmù ni ti CG125: ẹ fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, ẹ fún un gbẹ (ẹ má lọ́ ọ bí aṣọ, á ya), ẹ fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnì díẹ̀ rẹ ẹ́, kí ẹ tún fún un dáadáa. Ní àsìkò ọyẹ́, eruku lè dí i láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wò ó bóyá ṣókì (ohun tó ń dín afẹ́fẹ́ kù nígbà tí a bá ń jí ẹ́ńjìnì tó tutù) ń padà sí àyè rẹ̀ pátá. Ọ̀pọ̀ ọwọ́ ṣókì tó ti gbó máa ń rọra sún sókè fúnra rẹ̀ bí ẹ́ńjìnì bá ti ń gbọ̀n.

Kabùrétọ̀ ló wá kàn, ibẹ̀ sì ni a fẹ́ kí ẹ dúró sí pẹ́. Bí fílótì (ohun tó ń léfòó lórí epo nínú abọ́ kabùrétọ̀, tó ń ti abẹ́rẹ́ dé ẹnu epo) bá ti jò, epo á wọ inú rẹ̀, kò ní í lè léfòó mọ́. Ẹ gbé e sétí, kí ẹ mì í. Bí ẹ bá gbọ́ omi nínú rẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ mú abẹ́rẹ́ tó ń pa ẹnu epo dé sínú ìmọ́lẹ̀, bí ẹ bá rí òrùka kékeré tó ti gbẹ́ sí ṣóńṣó rẹ̀, kò lè dé ẹnu epo dáadáa mọ́. Ẹ wá ọ̀pá rọ́bà tó mọ́ gaara, ẹ fi orí rẹ̀ kan bọ ẹnu ibi tí a ti ń da epo jáde nísàlẹ̀ abọ́ kabùrétọ̀, ẹ gbé orí kejì sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ kabùrétọ̀, kí ẹ tú skrúù ìsàlẹ̀ náà díẹ̀. Ibi tí epo bá dúró sí nínú rọ́bà ni ó dúró sí nínú abọ́. Ó yẹ kó rẹlẹ̀ díẹ̀ sí ojú ibi tí abọ́ ti pàdé ara kabùrétọ̀. Bó bá gòkè kọjá ibẹ̀, ẹ ti rí olè náà.

Jẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ihò tín-ín-rín tí epo ń gbà kọjá nínú kabùrétọ̀, ńkọ́? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi wáyà tàbí abẹ́rẹ́ ìránṣọ gún un mọ́. Idẹ tó rọ̀ ni, gbogbo ìgbà tí ẹ bá gún un ni ihò rẹ̀ ń fẹ̀ sí i. Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí ara rẹ̀ kò ní yí padà, torí náà ẹni tó bá gbà á lẹ́yìn yín á rò pé jẹ́ẹ̀tì tó tọ́ ni. Afẹ́fẹ́ fọkanáísà tó láti fọ́n ìdọ̀tí inú rẹ̀. Bó bá le jù, fọ́nrán ọ̀rá tí àwọn apẹja ń lò kò lè ha á. Jẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti gún rí, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ láìjiyàn. Bó bá jẹ́ pé ìgbà tí iná bá wà ní ìdajì nìkan ló ń dúdú, ẹ yọ abẹ́rẹ́ gígùn tó so mọ́ tọ́rótù (ohun tí ọwọ́ iná ń fà sókè nínú kabùrétọ̀), kí ẹ gbé kílíìpù rẹ̀ sókè ní ìlà kan. Abẹ́rẹ́ á wálẹ̀, epo á dín kù.

Epo fúnra rẹ̀ náà ń ṣe é. Èyí tí wọ́n ti fi kẹrosíìnì lú kì í jó tán, èédú ló ń fi sílẹ̀. Ẹ kán an sórí bébà funfun: epo gidi á gbẹ lọ, èyí tí wọ́n lú á fi àbàwọ́n bí ọ̀rá sílẹ̀.

Ti ọ́ìlì wá ńkọ́? Kí ẹ tó dá ríìngì lẹ́bi, ẹ wo ìwọ̀n ọ́ìlì. Apá ọ̀tún ni ọ̀pá ìwọ̀n CG125 wà, apá òsì sì ni alùpùpù ń dà sí lórí sáìdì sítáǹdì. Ẹni tó bá wọ̀n ọ́n báyẹn á rí ọ́ìlì bíi pé ó dín, á bu kún un, á kún jù, ọ́ìlì á gba ihò èémí lọ sínú fíltà, kabùrétọ̀ á fà á mu. Orí dọ́bù sítáǹdì ni kí ó dúró sí. Ẹ nu ọ̀pá náà, kí ẹ gbé e lé ojú ihò láìlọ́ ọ wọlé, ìyẹn ni ìwọ̀n tòótọ́. Ẹ gbóòórùn rẹ̀ náà. Bó bá ń rùn bí epo, fílótì ti ń da epo sínú ẹ́ńjìnì, ọ́ìlì náà ti bàjẹ́ nìyẹn.

Bí ìwọ̀n bá tọ́, ẹ wo èéfín. Èéfín tó ń jáde nígbà tí a bá fún un níná tó ń fa ẹrù gòkè, ríìngì tàbí sílíndà ni. Èyí tó tú jáde láàárọ̀ nígbà tí a kọ́kọ́ jí i, tàbí nígbà tó sọ̀kalẹ̀ lórí òkè láìfún un níná tí a sì tún padà fún un, síìlì tàbí gáìdì fáàfù ni (fáàfù ni ilẹ̀kùn tó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé, kí èéfín sì jáde). Bí ẹ bá ní gééjì kọ̀ǹpírẹ́ṣọ̀n, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ da ọ́ìlì bíi 5 ml sínú ihò púlọ́ọ̀gì, kí ẹ tún wọ̀n. Bó bá gòkè gan-an, ríìngì ni, torí ọ́ìlì yẹn ló bá a dí àlàfo. Bí kò bá kúrò lójú kan, ẹ lọ wo fáàfù. Tápẹ́ẹ̀tì (àlàfo orí fáàfù) kọ́kọ́, 0.08 mm nígbà tí ẹ́ńjìnì bá tutù.

Kọ́rẹ́ǹtì tí kò lágbára máa ń tan ni jẹ, torí púlọ́ọ̀gì lè tanná ní gbangba kó sì kọ̀ nínú sílíndà, níbi tí afẹ́fẹ́ ti fún pọ̀. Pupa rẹ́súrẹ́sú kò tó, búlúù tó ń dún ni a ń wá. Ẹ gé orí wáyà púlọ́ọ̀gì kúrò bíi 5 mm kí ẹ tún kápù lọ́ mọ́ ibi tuntun. Kápù tí NGK ń ṣe sábà máa ń wọn 5,000 ohm. Èyí tí mítà bá kà ní ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta, ẹ jù ú nù. Alùpùpù tó ṣì ń lo kọ́ńtáàtì (irin méjì tó ń já kọ́rẹ́ǹtì kí púlọ́ọ̀gì lè tan), àlàfo rẹ̀ 0.3 sí 0.4 mm ni.

Àwọn kan á ní kí ẹ kúkú fi D7EA sí i. Lọ́dọ̀ NGK, bí nọ́ńbà bá ṣe ń kéré ni púlọ́ọ̀gì ń gbóná sí i (ti Bosch, òdìkejì èyí ni). Òótọ́ ni pé púlọ́ọ̀gì tí kò bá gbóná tó bíi 450°C kò lè jó èédú ara rẹ̀ kúrò, ẹni tí kì í gùn ju kìlómítà kan sí méjì lọ lẹ́ẹ̀kan sì lè nílò D7EA lóòótọ́. Ṣùgbọ́n a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Bí jẹ́ẹ̀tì bá ti fẹ̀, púlọ́ọ̀gì tó gbóná á kàn fi í pamọ́ ni, ní ọjọ́ tí oníbàárà bá sì gbé ẹrù lọ sọ́nà jíjìn, púlọ́ọ̀gì lè kọjá 850°C, kó máa dá epo tan kí àkókò tó tó, písítọ́nù á sì jóná.

Àwọn two-stroke (ẹ́ńjìnì tó ń jó ọ́ìlì pọ̀ mọ́ epo) bíi Yamaha RX100, ọ̀rọ̀ tiwọn kò gùn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ oníbàárà bóyá ó ń da ọ́ìlì sínú táǹkì nígbà tí pọ́ǹpù ọ́ìlì ṣì ń ṣiṣẹ́. Ìlọ́po ọ́ìlì nìyẹn. Bí wọ́n bá ti yọ pọ́ǹpù, ọ́ìlì 1 sí epo 25 túmọ̀ sí ọ́ìlì 40 ml fún lítà epo kan, kí ẹ wọ̀n ọ́n. Bí ọ́ìlì jíà bá ń lọ sílẹ̀ láìrí ibi tó ń jò sí, síìlì kíráǹkì lápá kílọ́ọ̀ṣì ti kú.

Nígbà tí ẹ bá ń dá púlọ́ọ̀gì padà, ọwọ́ lásán ni kí ẹ fi lọ́ ọ títí tí wọ́ṣà á fi jókòó, kí sípánà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Tuntun, ẹ fi ìdajì yíyí kan kún un. Èyí tó ti lò rí, ìdá kan nínú mẹ́jọ. Gba wọ́ṣà yẹn ni ooru ń gbà kúrò, bí kò bá jókòó, ooru á há sínú púlọ́ọ̀gì. Èyí tí ẹ yọ, tòun ti èédú rẹ̀, ẹ wé e sínú ọ̀rá, ẹ kọ ọjọ́ àti kìlómítà sí i, kí ẹ kó o fún oníbàárà pé kó mú un dání nígbà tó bá ń bọ̀.