Ẹ̀rọ tó ń mú tọrótù yá, èmi ti lò ó o

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wa mọ́tò tòde òní, ẹ máa mọ ohun tí mò ń sọ: ẹ tẹ tọrótù (ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ kí mọ́tò lè sáré) báyìí, mọ́tò á kọ́kọ́ ṣe bí ẹni pé kò gbọ́, kó tó wá gbéra. Ó máa ń bí mi nínú gan-an, pàápàá tí mo bá fẹ́ ofatéèkì tírélà, ìdí tí mo fi lọ ra throttle controller, ẹ̀rọ tó ń mú tọrótù yá, nìyẹn.

Tẹ́lẹ̀, wáyà irin ló so tọrótù mọ́ ẹ́ńjìnnì, bẹ́ ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́ náà ló ṣe máa ṣí. Ní báyìí sẹ́ńsọ̀ ló wà lára ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, á fi iná kékeré ránṣẹ́ sí bíréènì bọ́ọ̀kìsì (kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì), bíréènì bọ́ọ̀kìsì lá wá sọ bí ẹnu ọ̀nà afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnnì ṣe máa ṣí tó, àwọn tó ṣe mọ́tò sì máa ń mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó rọra ṣí, nítorí epo, nítorí èéfín, àti kó má baà máa já wa síwájú sẹ́yìn. Àárín sẹ́ńsọ̀ àti bíréènì bọ́ọ̀kìsì ni ẹ̀rọ yìí ń jókòó sí. Ẹsẹ̀ yín tẹ̀ ẹ́ dé 20%, òun á sọ fún bíréènì bọ́ọ̀kìsì pé 40% ni.

Tẹ́ ẹ bá wá tẹ̀ ẹ́ kanlẹ̀ ńkọ́? 100% náà ni, kò sí ibòmíì tó lè gbé e lọ. Torí náà ẹni tó bá ní ó ń fi agbára kún ẹ́ńjìnnì, ẹ má dá a lóhùn. Tó bá jẹ́ túrúbò (ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sínú ẹ́ńjìnnì) ló ń pẹ́ kó tó gbé, kò lè wo ìyẹn náà sàn.

Nígbà tí mo fẹ́ so ó mọ́ mọ́tò, mo fẹ̀yìn lélẹ̀ lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, mo fi ẹnu gbé tọ́ọ̀ṣì, mo ti pa mọ́tò, mo sì ti dúró díẹ̀ kí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sùn, torí tẹ́ ẹ bá yọ ojú wáyà sẹ́ńsọ̀ tọrótù nígbà tí iná ṣì wà lára ẹ̀, iná ìkìlọ̀ ẹ́ńjìnnì lè tàn, kí mọ́tò má fẹ́ sáré mọ́.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ dùn! Mo gbé e sí ibi tó le jù. Ọjọ́ kejì ni mo fẹ́ fi rìfáàsì wọ àyè tóóró kan, bàtà mi tutù, mi ò tíì tẹ tọrótù dáadáa tí mọ́tò fi fò, ike omi tó wà lórí àga ẹ̀yìn já bọ́, mo gbá bíréèkì mú. Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ mi nìkan ló gba àárín bọ́ńpà àti ògiri. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn: gbogbo iṣẹ́ tí ẹsẹ̀ ń fi àárín tọrótù ṣe, ẹ̀rọ yìí ti kó o wá sí ibi tí ẹsẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀, àyè tí èèyàn fi ń rọra tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ ti lọ, ìsàlẹ̀ tó kù ò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan kan mọ́. Tí òjò bá rọ̀, táyà á tún máa yọ̀. Ti epo, ẹsẹ̀ wa tó ń gbádùn ẹ̀ ló ń jẹ ẹ́.

Mi ò yọ ọ́ o, mo fẹ́ràn ẹ̀ lójú títì tó já gaara. Ṣùgbọ́n ibi tó rọlẹ̀ ni mo gbé e sí báyìí. Tí mọ́tò yín bá ní bọ́tìnnì Sport, ẹ kọ́kọ́ tẹ ìyẹn wò ná, nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò ohun tó jọ ọ́ náà ló ń ṣe, kò sì gba wáyà kankan. Tí àbúrò mi bá fẹ́ gbé mọ́tò, mo máa ń pa ẹ̀rọ náà kí n tó fún un ní kọ́kọ́rọ́.